Fọláṣadé, Iná Kọ́ Ló Pa Ẹ́ńsáìmù Rẹ

Fọláṣadé, ṣé ìwọ lo fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lóru àná, tí ò ń fa imú, tí o ní o máa pa iṣẹ́ máásítà rẹ tì, o fẹ́ lọ máa ta wíìgì ní Tẹ̀júoṣó? Mi ò bá wíìgì jà o. Èyí tó wà lórí mi yìí, owó gidi ni mo fi rà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ta wíìgì, kó tà á torí pé ó mọ ọjà ṣe, kì í ṣe torí pé wọ́n mú iná lọ, fíríìjì láàbù wá gbóná. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Jókòó síbẹ̀ yẹn. Ìrẹsì ń bẹ lórí tábìlì, máa jẹ ẹ́ bí mo ṣe ń bá ọ wí. Mo mọ̀ pé o ò jẹun láti àárọ̀. Egungun ọrùn rẹ ti yọ síta, bàbá rẹ á tún wá sọ pé Sùúrùlérè ni wọ́n ti ń febi pa ọmọ òun.

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. O ní owó àpò ara rẹ lo fi ra glucose oxidase, o pò ó mọ́ omi, o gbé e sínú fíríìjì. Wọ́n mú iná lọ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kò dé títí di ọjọ́ Ajé. Nígbà tí o fi máa dé ibẹ̀, ẹ́ńsáìmù ti kú. Ìwọ̀nba tí o ti kó sínú ìlẹ̀kẹ̀ alginate tẹ́lẹ̀, o ní kí o fọ̀ ọ́ kí o fi ṣe àyẹ̀wò, ni ìlẹ̀kẹ̀ bá yọ́ dànù lójú rẹ. Lo bá bú sẹ́kún, o ní Èkó ò gba iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù, pé àfi òkè òkun. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ bi ọ́: kí lo fi fọ ìlẹ̀kẹ̀ náà?

Búfà fọ́sífétì. Mo mọ̀! Mo ti mọ̀ kí o tó la ẹnu. Ta ní ń fi fọ́sífétì fọ alginate, Ṣadé? Ìwọ tó jẹ́ pé ìwọ lò ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ ní kẹ́mísìrì nígbà tí ẹ wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, tí àwọn ìyá wọn ń wá dúpẹ́ lọ́wọ́ wa nílé.

Kí ló ń sọ alginate di ìlẹ̀kẹ̀ ná? Okùn gígùn ni alginate, inú koríko òkun aláwọ̀ búráùn ni wọ́n ti ń yọ ọ́, gbogbo ara okùn náà ló sì kún fún chárjì nẹ́gẹ́tíìfù. Nígbà tí o kán an sínú omi kálísíọ̀mù, kálísíọ̀mù kọ̀ọ̀kan gbé pọ́sítíìfù méjì wá, ó fi ọ̀kan di okùn yìí mú, ó fi èkejì di tọ̀hún. Ohun tó gbé ìlẹ̀kẹ̀ ró nìyẹn, kò sí òmíràn. Fọ́sífétì wá dé. Fọ́sífétì kì í rí kálísíọ̀mù kó fi í sílẹ̀. Ó fà á yọ, àwọn méjèèjì jọ di ẹrẹ̀ funfun nísàlẹ̀ ìgò, okùn tú, ìlẹ̀kẹ̀ di omi tó ń fà yọ̀ọ̀. Sítíréètì náà á ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ. Iyọ̀ tó bá pọ̀ náà á ṣe é, àmọ́ ti iyọ̀ kì í yá. Ó dáa, níbo ni NẸ́PÀ wà nígbà tí o ń da fọ́sífétì?

Má rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì parí.

Kí ló dé tí o fi po gbogbo ìgò náà lẹ́ẹ̀kan? Páúdà gbígbẹ ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ, wọn ò sì ṣe é bẹ́ẹ̀ fún yàngà. Bó ṣe gbẹ yẹn, ó lè pẹ́ gan-an láìbàjẹ́. Omi ló ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́, omi náà ló sì ń ṣínà ikú fún un. Ìwọ̀n tí o máa lò lọ́jọ́ náà ni wọ́n ń pò. Ìyókù á wà ní gbígbẹ, nínú ìgò tí a dé pinpin, pẹ̀lú àpò kékeré tó ń fa ọ̀rinrin mu lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìwọ tí o kì í jáde nílé láìgbé páwà báǹkì dání nítorí fóònù, o wá lọ fọkàn tán iná ìjọba nítorí ẹ́ńsáìmù tó wọ́n ju fóònù lọ.

O ń wò mí bí ẹni pé kí ni àgbàlagbà yìí mọ̀. Kí n tó fẹ̀yìn tì, láàbù ilé ọtí ni mo ti ṣiṣẹ́, ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1988, wọn ò tíì bí ọ, ìjọba ní kí ẹnikẹ́ni má kó málìtì báálì wọ Nàìjíríà mọ́, kí àwọn ilé ọtí lọ wá ohun tó ń hù nílẹ̀ yìí lò. Ọkà bàbà wà, ó pọ̀ lókè Ọya. Ṣùgbọ́n sítáàṣì ọkà bàbà kì í là dáadáa àfi tí omi bá gbóná tó nǹkan bí 70 dígírì sókè. Ẹ́ńsáìmù inú málìtì tó yẹ kó sọ sítáàṣì náà di ṣúgà, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní beta-amylase, kì í fẹ́ kọjá 65. Kí iṣẹ́ tó délẹ̀, òṣìṣẹ́ ti kú. Gbogbo ìlú ní ọtí máa tán nìyẹn. Kò tán. Amylase tí wọ́n ń rí lára bakitéríà ló gbà wá, irú èyí tó ń ṣiṣẹ́ nínú omi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ hó, tó sì jẹ́ pé kálísíọ̀mù ló ń mú un dúró. Àwọn onímọ̀ Nàìjíríà kọ ọ̀pọ̀ ìwé ìwádìí lórí ọkà bàbà nígbà náà. Ẹni tí málìtì kò wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní ronú nípa rẹ̀ rárá.

Ìdí tí inú fi bí mi nìyẹn nígbà tí o ní Èkó ò gba iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù. Ọmọ yìí, kí ni àkòrí iṣẹ́ rẹ? Bí a ṣe lè fi pólímà tó ní chárjì bo ẹ́ńsáìmù kó má baà tètè bàjẹ́. Tí iná bá ń wà ní wákàtí 24, tí fíríìjì kò kú rí, ta ni iṣẹ́ rẹ fẹ́ ràn lọ́wọ́? Ẹni tó wà ní Jámánì lè máa ṣe é torí pé ó dùn mọ́ ọn. Ìwọ, ìdí tí o fi ń ṣe é ló wá kí ọ nínú láàbù lópin ọ̀sẹ̀ yẹn, o wá ń sunkún.

Bu ẹran. Èyí tó sanra yẹn, tìrẹ ni.

Jẹ́ ká padà sí ìpìlẹ̀, torí ó dà bíi pé o kàn ń dàpọ̀ láìronú. Purotéènì ni ẹ́ńsáìmù, okùn kan tó ká ara rẹ̀ jọ lọ́nà kan pàtó, bó ṣe ká yẹn ló sì fi ń rí iṣẹ́ ṣe. Ooru á máa gbọ̀n ọ́n títí tí yóò fi tú. Tó bá ti tú, á lẹ̀ mọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó tú, wọ́n á dì, ó parí. Ṣùgbọ́n àyè ló ń fi tú. O ò bá ayé mólúè, tá a bá wọ̀ ọ́ láti Ojúẹlẹ́gba lọ sí Muṣin, tí èrò kún débi pé kọ́ńdọ́kítọ̀ ń so rọ̀ lẹ́yìn. Èèyàn lè sùn lórí ìdúró nínú rẹ̀, kò ní ṣubú, torí kò sí ibi tó fẹ́ ṣubú sí. Bí ẹ́ńsáìmù ṣe há sáàárín okùn pólímà nìyẹn. Kò rí àyè tú, kò sì rí ẹlẹgbẹ́ tó máa lẹ̀ mọ́. Tí ihò tí pólímà fi sílẹ̀ bá kéré tó, àwọn purotéésì tó máa ń jẹ purotéènì náà ò lè wọlé wá bá a. Glucose ní tirẹ̀ kéré, ó ń wọlé, ohun tó bá sì dà ń jáde. Ìwọ̀n mólékù glucose 180 ni. Ti glucose oxidase tó nǹkan bí 160,000. Ẹni tó mọ ìyàtọ̀ yẹn ti mọ irú ihò tó yẹ kó wá.

Ibi tó kù sí ni chárjì, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí o fetí sí, torí ibẹ̀ lo ti ṣì í. Ìlẹ̀kẹ̀ alginate lásán kò tó fún glucose oxidase. Ihò rẹ̀ tóbi, ẹ́ńsáìmù á máa jò jáde díẹ̀díẹ̀, ìwọ á rò pé ó kú nínú ìlẹ̀kẹ̀, kò kú, ó ti lọ. Chitosan ni wọ́n fi ń bò ó lẹ́yìn. Chitosan máa ń ní pọ́sítíìfù tí pH bá wà nísàlẹ̀ nǹkan bí 6.5. Tó bá gòkè kọjá ibẹ̀, chárjì rẹ̀ á dín kù, òun fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yà kúrò nínú omi. Glucose oxidase, ààlà tirẹ̀ wà ní nǹkan bí 4.2, lókè ibẹ̀, nẹ́gẹ́tíìfù ló jẹ́. Alginate ti di nẹ́gẹ́tíìfù ṣáájú kí o tó dé 5. Nítorí náà, níbo ni gbogbo wọn ti lè di ara wọn mú? Láàárín 4.2 sí 6.5. Ìwọ gbé fọ́sífétì pH 7.4 wá, kí ló dé? Torí pé òun ló wà lórí sẹ́ẹ̀fù! Búfà acetate ni kí o lò, pH 5.5. Ibẹ̀ gan-an ni glucose oxidase ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa jù, acetate ò sì ní bá ọ du kálísíọ̀mù.

Ohun mìíràn wà tí ẹ kì í rántí tí wọ́n bá bi yín ní ìdánwò ẹnu. Ẹ̀yin ọmọ máa ń sọ pé pọ́sítíìfù fa nẹ́gẹ́tíìfù, ó tán. Kò tán. Pọ́sítíìfù kan àti nẹ́gẹ́tíìfù kan nínú omi, ìdìmọ́ wọn kò le. Pípọ̀ tí wọ́n pọ̀ lórí okùn kan ló sọ ọ́ di agbára. Kí okùn méjì tó pàdé, ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ní àwọn áyọ́nù kéékèèké tó ń tẹ̀ lé e káàkiri, bíi sódíọ̀mù fún èyí, kílóráìdì fún tọ̀hún. Nígbà tí okùn méjèèjì bá dì mọ́ra, gbogbo àwọn kéékèèké wọ̀nyí á bọ́, wọ́n á fọ́nká sínú omi. Òmìnira wọn yẹn wà lára ohun tó ń ti ìdìmọ́ náà síwájú jù lọ. Ìdí nìyẹn tí iyọ̀ fi jẹ́ ọ̀tá rẹ. Tí iyọ̀ bá ti kún inú omi tẹ́lẹ̀, kí ni áyọ́nù tó bọ́ fẹ́ lọ gbádùn? Ìdìmọ́ á dẹ̀, àpò á ṣí, ẹ́ńsáìmù á tú síta. Nígbà mìíràn ohun tí a fẹ́ gan-an nìyẹn, kó tú síta níbi tá a bá fẹ́. Ṣùgbọ́n ìwọ kọ́ ló fẹ́ ẹ lọ́jọ́ Ajé.

O ní òkè òkun ni iṣẹ́ yìí wà. Nígbà wo lo lọ sí Ṣómólú gbẹ̀yìn? Lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé níbẹ̀, ní kí wọ́n fi ìwé rìsíìtì tí wọ́n ń pè ní NCR hàn ọ́, èyí tí èèyàn ń kọ ní òkè tí ọ̀rọ̀ ń jáde nísàlẹ̀ láìsí kábọ̀n. Láwọn ọdún 1950, Barrett Green, tó ń bá iléeṣẹ́ National Cash Register ní ìpínlẹ̀ Ohio ṣiṣẹ́, ló wá bí wọ́n ṣe máa ṣe é. Ó mú gelatin, ó mú góòmù arábíìkì, ó fi áásìdì díẹ̀ sí i kí gelatin lè di pọ́sítíìfù. Góòmù arábíìkì ti ní nẹ́gẹ́tíìfù tirẹ̀. Àwọn méjèèjì wá lọ rọ̀gbà yí àwọn ẹ̀kán òróró tó ní àwọ̀ nínú ká. Bí bírò bá tẹ̀ ẹ́, àpò fọ́, àwọ̀ jáde. Onímọ̀ kan ní Netherlands, Bungenberg de Jong, ló ti ṣàlàyé pípàdé gelatin àti góòmù yẹn láti 1929. Ìwọ sì mọ ibi tí góòmù arábíìkì ti ń wá, àbí o ò mọ̀ ọ́n? Igi akéṣíà Yobe, Borno àti Jigawa ni. Ilẹ̀ wa wà lára àwọn tó ń kó o jáde jù láyé. Àwọn ará Ṣómólú ti ń gé pólímà tó ní chárjì, wọ́n ń lẹ̀ ẹ́, wọ́n ń tà á, láti ìgbà tí bàbá rẹ ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé.

Kó má di pé mo kàn ń sọ ti ìwé. Nígbà wo lo bẹ ẹ̀gbọ́n mi wò ní Àgùdà gbẹ̀yìn? Ojú ò tì ọ́? Wọ́n ń béèrè rẹ. Wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré kan ránṣẹ́ sí wọn láti ìlú òyìnbó, FreeStyle Libre, èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn apá tó ń sọ bí ṣúgà wọn ṣe rí sórí fóònù. Tí o bá lọ, wò ó dáadáa. Kí ló wà lẹ́nu okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó wọ inú awọ wọn? Glucose oxidase! Irú èyí tí o sunkún lé lórí gan-an. Ẹni tó wá ọ̀nà rẹ̀ ni Adam Heller, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Texas ní Austin. Pólímà tó ní pọ́sítíìfù, tí wọ́n so ósíọ́mù mọ́ lára, ló fi di ẹ́ńsáìmù náà mú. Ẹ́ńsáìmù ní nẹ́gẹ́tíìfù, pólímà ní pọ́sítíìfù, wọ́n gbá ara wọn mú, ósíọ́mù wá ń gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ́wọ́ ẹ́ńsáìmù, ó ń fi í ṣọwọ́ títí dé orí wáyà. Ọjọ́ 14 ló ń lò lára ènìyàn. Nínú ara tó gbóná tó 37 dígírì, pẹ̀lú iyọ̀ àti purotéésì inú ara tó yí i ká, láìsí fíríìjì kankan nítòsí. Òun lo fẹ́ bá mi sọ pé kò lè lo òpin ọ̀sẹ̀ kan nínú láàbù rẹ ní Yábà?

Irú ìlẹ̀kẹ̀ tìrẹ náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1980, Franklin Lim àti Anthony Sun kó àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ínsúlínì sínú alginate, wọ́n fi polylysine tó ní pọ́sítíìfù bo ojú rẹ̀, wọ́n gbé e sínú eku tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Ṣúgà eku náà wálẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Chitosan tí ìwọ fẹ́ lò ti gba iṣẹ́ polylysine ṣe ní ọ̀pọ̀ láàbù, torí polylysine wọ́n, chitosan sì wà níbi tí akàn bá wà. Àwọn ará Potsdam ní Jámánì tún ti gba ọ̀nà mìíràn, wọ́n ń tẹ́ pọ́sítíìfù lé nẹ́gẹ́tíìfù, nẹ́gẹ́tíìfù lé pọ́sítíìfù, ní ìpele ìpele. Ní 2000 wọ́n fi í bo catalase, wọ́n da purotéésì lé e lórí, purotéésì ò rí i jẹ. Ìwọ ò nílò gbogbo ìyẹn lọ́dún yìí. Ìpele kan péré, kó dúró, ó tó fún máásítà.

Àti owó tí o ní kò sí. Ta ló ní kí o máa ra chitosan láti Amẹ́ríkà? Láti ojú wíńdò ilé yín, o lè rí Mákòkó tó bá jẹ́ pé ò ń ṣí kọ́tìnì. Àwọn Ègùn ibẹ̀ ń kó edé àti akàn wálé láti ọ̀sà, èèpo rẹ̀ á wá di ìdọ̀tí. Nínú èèpo yẹn ni chitin wà. Áásìdì ló ń yọ ẹfun inú rẹ̀, sódà ń yọ purotéènì, sódà tó le koko pẹ̀lú ooru á wá sọ chitin di chitosan. Wọ ìbọ̀wọ́ o, wọ awò ojú, sódà yẹn kì í ṣeré, mi ò fẹ́ lọ máa gbé ọ ká ilé ìwòsàn LUTH. Alginate ńkọ́? Láti 2011 ni koríko òkun sargassum ti ń rọ́ wá sí etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tó fi dé Èkó níbí. Ó ń dí àwọ̀n apẹja, ó ń rùn, gbogbo èèyàn ń gégùn-ún. Koríko aláwọ̀ búráùn ni, alginate wà nínú rẹ̀. Mi ò sọ pé kí o dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la. Ti ọwọ́ ara ẹni kì í mọ́ tó èyí tí wọ́n rà lọ́jà, ọ̀gá rẹ á sì bi ọ́ bó ṣe mọ́ tó. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé owó ló ń lé ọ lọ sídìí wíìgì, pọ́sítíìfù àti nẹ́gẹ́tíìfù rẹ méjèèjì, inú omi Èkó ni wọ́n wà.

Mi ò ní purọ́ fún ọ pé bíbò yìí ò lábùkù. Ẹ́ńsáìmù tó wà nínú ìlẹ̀kẹ̀ máa ń lọ́ra, torí glucose gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọlé bá a. Ìlẹ̀kẹ̀ ńláńlá tí o fi sírínjì kán, tó tó ẹ̀wà, ìyẹn ló ń lọ́ra jù. Wá abẹ́rẹ́ tó tẹ́ẹ́rẹ́. Chárjì tó bá pọ̀ jù lórí pólímà lè fa ẹ́ńsáìmù ya, kó jẹ́ pé ohun tó yẹ kó dáàbò bò ó ló pa á. Glucose oxidase tún ní wàhálà tirẹ̀: hydrogen peroxide ló ń tú jáde bó ṣe ń ṣiṣẹ́, peroxide náà sì ń bà á jẹ́. Tí o bá tì í mọ́lé pẹ̀lú májèlé ara rẹ̀, kí lo rò pé ó máa ṣẹlẹ̀? Fi catalase díẹ̀ sínú ìlẹ̀kẹ̀ kan náà kó máa gba peroxide kúrò lọ́nà. Má fi sínú gbogbo rẹ̀ o, torí peroxide náà lo fẹ́ fi wọn iṣẹ́ rẹ̀. Ronú sí i. Mi ò lè ronú gbogbo rẹ̀ fún ọ, èmi kọ́ ni wọ́n fẹ́ fún ní fìlà àti gáùn.

Wò ó, bó o ṣe máa ṣe é nìyí. Po ẹ́ńsáìmù díẹ̀, nínú acetate. Kó ìdajì sínú alginate, kán an sínú kálísíọ̀mù kílóráìdì, jẹ́ kó dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, fi chitosan bò ó. Fi ìdajì kejì sílẹ̀ ní ìhòòhò. Kí o wá gbé méjèèjì sórí tábìlì. Tábìlì ni mo wí o, mi ò sọ pé fíríìjì! Máa wọn wọ́n lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí o máa wọn omi tí ìlẹ̀kẹ̀ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, ibẹ̀ lo ti máa mọ̀ bóyá ó ń jò. Kọ ìwọ̀n ooru yàrá náà sílẹ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Tí wọ́n bá mú iná lọ, kọ wákàtí rẹ̀ sílẹ̀, dátà nìyẹn. Tí ẹ̀rọ tó ń ka àwọ̀ ò bá ṣeé tàn, fi peroxidase àti oògùn aláwọ̀ ṣe é, kí o fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ kan náà lójoojúmọ́. Àwọn tó ń ka iṣẹ́ rẹ lókè òkun ò ní irú tábìlì bẹ́ẹ̀. Tábìlì tó gbóná ní Yábà, láìsí iná, fún ọ̀sẹ̀ méjì: tí ìlẹ̀kẹ̀ rẹ bá ye ibẹ̀, kò sí ilé ìwòsàn abúlé tí kò ní lè lò ó.

Tí kò bá sì ye é, kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Má bò ó mọ́lẹ̀, má sì fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lóru.

Ìyá rẹ pè mí láàárọ̀, wọ́n ní ṣé o ti bá mi sọ̀rọ̀ ọkọ. Mo ní kí wọ́n fi ọmọ sílẹ̀, kó kọ́kọ́ mọ búfà tó yẹ kó lò. Fi ìrẹsì tó kù sínú kúlà, gbé e lọ, kí o dá kúlà mi padà lọ́tẹ̀ yìí, torí èyí tó wà lọ́dọ̀ rẹ kì í ṣe ẹyọ kan mọ́. Lọ́la, kí o tó pe oníwíìgì kankan, pe ọ̀gá rẹ. Bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n fún ọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Sọ fún wọn pé iṣẹ́ ń lọ, búfà lo fẹ́ pààrọ̀.